Ọ̀yà Bíṣọ́ọ̀bù

Ní ọdún 1989, kò sí ẹni tó ń gbèjà igi tó Tíṣà Zachariah ní gbogbo abúlé wọn lọ́nà Tápà, nílẹ̀ Ìbàràpá. "Ti Olúwa ni ilẹ̀," ni í máa fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹni tó bá sì ń sun igbó, olè ni lójú Ọlọ́run, nítorí oúnjẹ ọmọnìkejì rẹ̀ ló ń sun. Òun ló ṣíwájú ìjọ tí wọ́n fi gbin igi sí etí odò kí omi má baà gbẹ. Òkìkí náà kàn títí bíṣọ́ọ̀bù fi ní òun ń bọ̀ wá súre fún igi.

Ó wá ku ohun tí wọn yóò fi ṣe àlejò ńlá. Ẹran ọ̀yà ló wá sọ́kàn Tíṣà. Bí ọyẹ́ bá ti mú igbó gbẹ, kò sí ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀yà jáde: wọ́n á dáná síbi kan, wọ́n á sì fi kùmọ̀ dè é níbòmíràn. Tíṣà ní díẹ̀ báyìí lòun máa sun, òun á sì tètè pa iná. Ṣé iná ọyẹ́ ń gbọ́ ìwàásù ni? Ọ̀yà kan ṣoṣo ló rí pa. Iná jó oko kajú Mùnírátù, opó tó ń fi í tọ́ ìbejì rẹ̀, ó sì jó igi ìjọ mọ́ ọn.

Èéfín nìwà, kì í ṣe é bò mọ́lẹ̀, àmọ́ àwọn ará abúlé ti tọ́ka èéfín yìí síbòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. "Bòròrò ni! Ta ló tún ń sun igbó kí koríko tútù lè hù?" Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí Mánù, Fúlàní tó ti ń da màlúù lẹ́yìn odò láti kékeré, kó ẹrù rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọjà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, bíṣọ́ọ̀bù jẹ ọ̀yà, ó lá ọwọ́. Ó bá ìjọ kẹ́dùn igi tó jó, ó sì pe Tíṣà ní olùṣọ́ ilẹ̀ Ọlọ́run. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mùnírátù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, kúnlẹ̀ nígbà tí Tíṣà jáde.

"Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ ń gbẹnu sọ fún irú wa."

Ojú ti Tíṣà débi pé kò lè ní kó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Ọjọ́ kejì ló tó yọ́ lọ sí gàá Mánù. Àwọn màlúù ti lọ. Ìyàwó Mánù ń di igbá.

"Mánù, èmi ni mo dáná yẹn."

"Mo mọ̀," ni Mánù wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mo rí ìṣáná lọ́wọ́ yín."

"O rí mi, o ò sì sọ?"

"Ta ló máa gba Bòròrò gbọ́ ju tíṣà lọ? Lánàá, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo ní ẹni tó ń wàásù òdodo bíi tiyín á sọ ọ́. Mo dúró títí ẹ fi ṣe Àmín."

Tíṣà bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, òun ń lọ bá Baálẹ̀. Mánù ní màlúù ti kọjá Ayétẹ̀, òun ò ní dá wọn padà. Ìyàwó rẹ̀ bu wàrà sínú ewé, ó nà án sí Tíṣà, nítorí àlejò kì í wá sí gàá kó lọ lọ́wọ́ òfo.

Wàrà náà ṣì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dé ilé Baálẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kí ara wọn kú oríire pé iná ti tán lágbègbè wọn. Ó gbé e sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ránṣẹ́ pe Mùnírátù kó wá gbọ́," ló wí. "Ọ̀yà tí bíṣọ́ọ̀bù jẹ, oko kajú rẹ̀ ni mo fi dáná ẹ̀."