Ìbéèrè Omi Lórí Búlọ́ọ̀gì Kíláàsì

“Ta ló kọ ìranù yìí?”

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé fi béèrè, torí pé àwọn àlejò láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wà níjòókòó, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ẹ̀rọ ti gbé búlọ́ọ̀gì kíláàsì sára ògiri gbàgàdà, ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi táwọn ọmọ ti ń kọ èrò wọn nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́, tí wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i. Ọ̀lẹ ọkùnrin! Kò ka ẹyọ kan rí. Bó bá ti ń mu tíì láàárọ̀, á kàn máa tẹ “mo gbà, mo gbà”, kí ọ̀rọ̀ lè pọ̀ níbẹ̀, kó lè rí nǹkan fi yangàn.

Èyí tó gba èsì jù ló wà lókè: “Tíṣà kọ́ wa pé omi tó mọ́ kì í rùn. Kí ló dé tí omi táǹkì ilé-ìwé wa ń rùn?” Lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ní òun rí tanwíjí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ife òun. Ẹlòmíràn ní kí kálukú bu omi ilé rẹ̀ wá, káwọn jọ fi wé e. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà ní, “Bí ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi ló ń rùn, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í mu ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi.”

“Èmi ni, sà.” Ọmọbìnrin kan dìde. Ọmọ opó ni; ọ̀fẹ́ ló ń kàwé níbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

Àwọn àlejò wo omi inú ike tí wọ́n rà wá fún wọn láti ìta, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ náà gbọ́n. Wọ́n jẹun yó, wọ́n gba ẹ̀bùn, wọ́n lọ. Ta ni yóò lọ wo táǹkì nínú oòrùn?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe ìyá ọmọ náà wá sí yàrá ọ̀gá àgbà.

“Màmá, ọmọ yín fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹni tí à ń ṣe lóore!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ foríjì í, ọmọdé ni. Àmọ́ ṣé irọ́ ló pa ni?”

“Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Ẹ máa mú un lọ.”

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tíṣà sáyẹ́ǹsì, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ “O káre, ìbéèrè gidi nìyí” sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, dúró sí igun yàrá, ó ń wo bàtà rẹ̀. Iṣẹ́ ò sí níta, àbí? Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀, kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló sunkún.

Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí búlọ́ọ̀gì. Táǹkì, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Kò pẹ́ tí inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ dùbúlẹ̀. Ara àwọn yòókù yá. Ti Aláwàdà ò yá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín.

Ẹ wo aláìnítìjú! Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe tíṣà. “Ṣí ibi ìdárò sórí búlọ́ọ̀gì. Kí gbogbo kíláàsì kọ ọ̀rọ̀ tó wọni lọ́kàn, àwọn àlejò yẹn á fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má mẹ́nu ba omi o.”

“Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa fọwọ́ sí i, sà?”

“Èmi náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, màá kà á.”

Ó sì kà á lóòótọ́. Ọmọ opó ló kọ́kọ́ kọ̀wé: wọ́n lé e ní géètì, wọn ò rántí yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí búlọ́ọ̀gì.

“Sùn re o, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ lo máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ́kù, ṣé wọ́n ti fọ táǹkì?”

Ọ̀gá àgbà kà á dópin, ó pa á rẹ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi omi inú ike sè fún un, ó mu díẹ̀, ó sì tẹ “mo gbà” sí èyí tó kàn.