Ẹ Má Bá Mi Ríran

Ohùn ni Kíkẹ́lọmọ kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀.

"Kíkẹ́, èmi rè é. Wò mí."

Ohùn Àǹtí Ṣèyílọ́lá ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí ohùn náà ti ń jáde, Kíkẹ́ kò rí ẹ̀gbọ́n kankan. Nǹkan kan tó pọ́n, tó tún dúdú, tó ń mì, ló wà níwájú rẹ̀, kò sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò mọ ibi tó parí sí. Ìgbà tí ihò kan là láàárín nǹkan náà, tó padé, tí ohùn sì tún jáde, ló tó yé e pé ẹnu ni, pé ojú èèyàn ni òun ń wò.

"Ó ti ríran," ni Àǹtí Ṣèyí wí, ó sì bú sẹ́kún.

Kíkẹ́ ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Láti ìkókó ni awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, kò mọ̀ ju kó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn lọ. Ìyẹn ò ní kó má ríṣẹ́ ṣe. Irun ló ń dì níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abraham Adésànyà Estate, àwọn obìnrin a sì máa ti Jakande àti Lakowe wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìka rẹ̀ bá ti kan orí èèyàn, ó ti mọ irun tó le, ó ti mọ èyí tó rọ̀, ó ti mọ ibi tí kò yẹ kí òun fà. Ìró bàtà ló fi ń mọ ará ilé, òórùn ilẹ̀ ló fi ń mọ òjò kó tó rọ̀. Òkùnkùn tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ káàánú rẹ̀ yìí, òun ò mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀. Àǹtí Ṣèyí ló gbọ́ pé dókítà kan wà tó lè ṣí awọ náà kúrò, òun ló sì bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà.

Dókítà Ọdúnjọ, ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kò bá wọn pariwo ayọ̀. Ìkìlọ̀ ló ṣe fún wọn.

"Ẹyinjú ti mọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹyinjú kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni. Ọpọlọ ló ń sọ fún èèyàn pé àga nìyí, ẹnu ọ̀nà nìyẹn, èyí jìnnà, tọ̀hún sún mọ́. Láti kékeré ni àwa yòókù ti kọ́ ọ, a ò tiẹ̀ rántí pé a kọ́ ọ. Ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, àgbà sì ti dé sí yín. Ẹ má kánjú."

Àǹtí Ṣèyí ní àwọn ti gbọ́. Kò gbọ́.

Ojú ọ̀nà ilé ni gbólóhùn asọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lójú ni, katakata àti òkìtì yanrìn ló kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kíkẹ́ jókòó síwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wakọ̀, ó ń rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ lókèèrè. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń dàgbà. Ta ló sọ fún un rí pé ohun tó bá jìnnà a máa kéré lójú? Igbá tó bá fọwọ́ kàn, bó ṣe tóbi lánàá náà ló ṣe ń tóbi lónìí. Tírélà kan wú, ó wú títí ó fi kún gbogbo gíláàsì iwájú wọn, ni Kíkẹ́ bá tẹrí mọ́ orúnkún, ó fọwọ́ méjèèjì borí.

"Kí ló dé?"

"Ó fẹ́ wọlé tọ̀ wá."

"Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń bá lọ. Àbí o ò rí i ni?"

"Mo rí i, Àǹtí. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ fún yín."

Nílé, òjìji òpó nà gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Kíkẹ́ rò pé kòtò ni, ó kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ ibẹ̀, ó rí i pé ó tẹ́jú, kó tó kọjá. Wọ́n gbé ife ka iwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, àfìgbà tó dì í mú. Àǹtí Ṣèyí ní, "O kúkú mọ̀ ọ́n." Kíkẹ́ ní, "Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ nìyẹn. Kò sí ìgbà tí kì í sọ fún un pé ewé ló ń wò yẹn, pé ó lẹ́wà, pé kó sọ pé ó lẹ́wà. Ìrọ̀lẹ́ kan, Ràhmát, oníbàárà àtijọ́, wá di ṣùkú. Kíkẹ́ la ojú sílẹ̀ dì í, ìlà irun sì wọ́. Ohun tí ojú ń sọ àti ohun tí ìka ń sọ ò bára mu, orí ń fọ́ ọ. Ó dijú, ìlà sì gún. Àfi bí Àǹtí Ṣèyí ṣe yọ sí wọn.

"La ojú ẹ. Ṣé kí o lè máa dijú ni mo ṣe gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Àǹtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Ràhmát ní. "Orí tèmi ni wọ́n ń dì."

Kíkẹ́ da ìka padà sínú irun. Ó dijú títí tó fi parí irun.

Nígbà tí Sunday kù sí dẹ̀dẹ̀, Àǹtí Ṣèyí mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wá. Ó ti bá pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ ọ́.

"Wọ́n á gbé ọsàn sókè, wọ́n á bi ọ́ pé kí ni. Ọsàn ni kí o sọ."

"Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún ọ báyìí pé ọsàn ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ò tíì fojú rí ọsàn rí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní ọjọ́ náà, Kíkẹ́ dúró síwájú ìjọ, àwọ̀ oríṣiríṣi ń gbọ̀n yẹ́ríyẹ́rí níwájú rẹ̀. Pásítọ̀ fún un ní máìkì, ó sì na ọwọ́ kejì sókè.

"Arábìnrin wa, kí ló wà lọ́wọ́ mi?"

Àǹtí Ṣèyí wúkọ́ láti ìjókòó iwájú. Kíkẹ́ wò ó, ó tún un wò. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, àtẹ́wọ́ á bẹ́, gbogbo ayé á lọ jẹun. Inú rẹ̀ ò gbà á.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀ wò ó."

"Mo ti wò ó. Mo rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, mo rí i pé ó mọ́lẹ̀ ju aṣọ yín lọ. Ohun tó ń jẹ́ ni ojú mi ò tíì mọ̀. Ẹ gbé e fún mi."

Ó gbà á, ó dijú, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀, òórùn sì gòkè. "Ọsàn ni. Apá kan ti ń rà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ nawọ́ sí máìkì, ṣùgbọ́n Kíkẹ́ ò fi sílẹ̀.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Mi ò ní torí ìyẹn purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Mo ṣì ń kọ́ ìríran ni. Bí ẹ bá rí mi lọ́nà tí mo dijú, ẹ má pè mí ní abara-móore-jẹ. Ojú mi ni. Èmi ni màá sọ ìgbà tí màá là á, èmi náà ni màá sọ ohun tí mo rí. Ẹ má bá mi ríran."

Ó dá máìkì padà. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

"O dójú tì mí," ni Àǹtí Ṣèyí wí nígbà tí wọ́n délé, tí wọ́n wọ pálọ̀. "Wàá lọ bẹ pásítọ̀."

"Mi ò lọ, Àǹtí."

Kò tíì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lésì báyìí rí. Síbẹ̀, kò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Nígbà tí mi ò ríran, ẹ máa ń bi mí pé, 'Kíkẹ́, ta ló wà ní géètì?' Ohun tí mo bá sọ lẹ máa ń gbà. Ọjọ́ tí wọ́n la ojú mi ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò jẹ́ òótọ́ mọ́ nínú ilé yìí. Ẹ tọ́ mi, mi ò ní gbàgbé títí láé. Ṣùgbọ́n mi ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni."

Àǹtí Ṣèyí wọ yàrá lọ. Àárín wọn ò gún fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún ara wọn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti apá òkun, Kíkẹ́ jókòó síta, ó ń wo òdìkejì ọ̀nà. Àǹtí Ṣèyí gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ó ga. Òkè rẹ̀ ń jó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò mira."

Igi àgbọn aládùúgbò ni. Àǹtí Ṣèyí la ẹnu láti sọ ọ́, ó sì pa á dé.

Kíkẹ́ dìde, ó kọjá géètì, ó ń lọ bá igi náà pẹ̀lú ojú lílà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ òkúta, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò dìde.

"Ẹ jókòó, Àǹtí," ni Kíkẹ́ wí, kò wẹ̀yìn. Ó sì ń lọ.