Ẹ̀yìn Cleve Rasnick

Ìyàwó Cleve Rasnick ló ń bá a de okùn bàtà láràárọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ wọn ti takìtì lójú ogun ní Iraq, ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, páálí ló ń gbé jẹun.

Ìjọba díwọ̀n àìlera rẹ̀, wọ́n ní kò pọ̀. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà tirẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé bó bá ń gbẹ́rù lọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n ní kó wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn.

Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ. Èmi náà jagun, ní Vietnam, mo sì ti ṣe irú ẹjọ́ yìí rí.

"Tí wọ́n bá ní kó o tẹ̀, ibi tó bá ti dùn ọ́ ni kó o dúró sí. Kó o sì pariwo."

"Ẹ̀yin ológun ilẹ̀ lẹ máa ń pariwo, Sájẹ́ńtì. Àwa Marine, ológun ojú omi, kì í ké."

"Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn yín ló ń bá yín ké."

Ó rẹ́rìn-ín, ó di ìbàdí mú. Mo rí i pé ó ti fárùngbọ̀n, bàtà rẹ̀ sì ń dán. Inú mi kò dùn sí i.

Obìnrin àgbà ni dókítà ìjọba náà. Ó gbà kí n jókòó. Àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ológun wà lára ògiri, àmì oyè ọ̀gá ológun, Méjọ̀, léjìká. Cleve rí i. Ó nà gbọnrangandan.

"Báwo lara?"

"Ara le, mà."

"Tẹ̀ síwájú, dé ibi tó o bá lè dé."

Ìka rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Rárá, mà."

"Dókítà, irọ́ ló ń pa," mo ní.

"Ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀, bàbá."

Ó kọ ohun tó rí.

Cleve kò lè gun ọkọ̀ nígbà tá a jáde. Mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ẹrù.

"Kí ló ṣe ọ́ gan-an?"

"Méjọ̀ ni."

"Ó ti fẹ̀yìn tì, Cleve!"

"Méjọ̀ ni, Sájẹ́ńtì."

Èsì dé nígbà òtútù. Wọn kò fi nǹkan kan kún owó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì ti ibi iṣẹ́ òru dé. Okùn bàtà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sájẹ́ńtì."

Mo kúnlẹ̀, mo dè é le. Ó lọ gbé páálí.