Pẹpẹ Bàbá Ọ̀gágun Lójú Títì

Ìjọba márùn-ún ni Khuê ọkọ mi sìn láàárín ọdún mẹ́ta, kò sì sí èyí tó fún mi ní ìsinmi nínú wọn. Bí wọ́n bá ti dìtẹ̀ ní Saigon, olú ìlú Gúúsù Vietnam, báyìí, Khuê á tilẹ̀kùn mọ́rí, á gbé rédíò sétí, á máa retí ẹni tí yóò borí. Bó bá ti hàn tán, á fi wáyà ránṣẹ́: "Ẹ kú oríire o, ẹ̀yìn yín ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀." Báyìí ló ṣe di ọ̀gágun. Wọ́n ní ibi tí ayé bá bá ni la ti ń jẹ ẹ́. Ti ọkọ mi kò rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń dúró kí wọ́n bù ú wá fún un ni.

Èmi ni mò ń di ẹrù, èmi náà ni mò ń tú u. Gbogbo ìjọba tuntun ló ń gbé wa lọ sí bárékè mìíràn. Ó sú mi dé góńgó ẹ̀mí.

Nígbà tó di ọdún 1966, Huế, ìlú wa gan-an, fárígá. Àwọn àlùfáà Búdà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn ìyá ọlọ́jà ní kí àwọn sọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀. Kí ọkọ̀ ogun má baà kọjá, kálukú gbé pẹpẹ àwọn òkú ilé rẹ̀ sójú títì: tábìlì, fọ́tò, òdòdó, àwo tùràrí. Ọmọ Huế wo ló máa wa ọkọ̀ gun orí bàbá àgbà ẹlòmíràn? Àṣẹ wá láti Saigon pé kí Khuê la ọ̀nà dé etí afárá kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá ṣe é, gbogbo ogun apá àríwá di tirẹ̀, a ó sì máa gbé ní Huế títí. Bí kò bá ṣe é, kó gbé ipò sílẹ̀.

Ó wọlé wá sọ fún mi, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo ní, "Bàbá Mẫn, ẹ ti rí pẹpẹ tó wà níwájú pátápátá?"

"Ti ta ni?"

"Ti bàbá yín ni."

Mo tẹ̀ lé e débẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó ti tábìlì náà lórí àpótí, ó ń fi àkẹtẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń kùn.

Khuê ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan yìí kúrò."

"Ta ló fẹ́ gbé e? A kì í ṣí pẹpẹ nípò láìbi òkú léèrè. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Ìwọ ni àkọ́bí. Kúnlẹ̀, kó o bi bàbá ẹ."

"Níbí? Lójú gbogbo ayé?"

"Àbí kí n ní kí gbogbo ayé kọjú sẹ́yìn ni?"

Ó bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ogun lọ́rùn. Ó tan tùràrí, ó mú owó bàbà méjì tí wọ́n fi ẹfun kun ojú kan wọn, ó dà wọ́n sínú àwo. Bó bá yọ funfun kan, dúdú kan, òkú gbà nìyẹn. Funfun méjì ló yọ.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá ẹ ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn sọ́jà. Ìtìjú mú mi, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu. Ó tún un dà, dúdú méjì: bàbá kọ̀. Òógùn bò ó. Ó tún un dà lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá gbà. Khuê fò dìde, ó dá nìkan gbé tábìlì náà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú ńlá. Tábìlì kan ṣoṣo! Pẹpẹ tò lọ rẹrẹ títí dé afárá.

Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìyá Lài, opó tó ń pàtẹ ọjà ládùúgbò wa. Fọ́tò ọmọkùnrin rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ sọ́jà. Lábẹ́ àṣẹ Khuê ló kú sí lójú ogun, lọ́dún tó kọjá.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó fi owó bàbà tirẹ̀ lé Khuê lọ́wọ́.

"Ọ̀gágun, kò sí ọkùnrin nílé mi mọ́. Ẹ̀yin ni ọ̀gá ẹ̀, ẹ bá mi bi í. Bó bá ti gbà, ẹ máa gbé e lọ."

Khuê kúnlẹ̀. Ó wo fọ́tò náà títí. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dà á.

Sọ́jà kan sáré dé láti ìdí rédíò. "Sà, Saigon ń béèrè bóyá ọ̀nà ti là."

"Sọ fún wọn pé n kò ṣe é."

"Kí ni kí n ní ó fà á, sà?"

"Pé n kò lè bi ọmọ yìí léèrè."

Ó dá owó náà padà fún ìyá Lài pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èmi sì ti ń fọkàn wọn fèrèsé ilé tuntun. Ipò ti lọ, ilé ti lọ, ẹrù dídì ló kù.

Ìyá Khuê sì wò ó láti orí àpótí. "Ó dáa. Gbé tábìlì mi padà síbi tó wà."

Mo ní, "Háà, Màámi! Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí báyìí!"

"Ṣé iṣẹ́ ni mo bi ọ́ léèrè, ìyàwó?"

Khuê lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó di etí tábìlì náà mú. Mo pòṣé, mo ju báàgì mi sílẹ̀, mo di etí kejì mú.