Ìṣẹ́jú-Kan àti Ilé Tí Wọ́n Fẹ́ Wó

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, àwọn àgbà ní yóò di ọṣẹ. Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti pẹ́ lára orin. Ìpolówó ọjà ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: bàtà, ìpara, tíì, oògùn ẹ̀fọn. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí fídíò àwọn olórin, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé olórin tí kò tíì kọrin tán á ti máa wá a kiri. Ohunkóhun tó bá fi kámẹ́rà mú kì í pẹ́ parí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìṣẹ́jú-Kan. Nígbà tí orúkọ náà kọ́kọ́ jáde, oríyìn ni. Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ ṣe fíìmù gidi, èyí tí èèyàn máa jókòó tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oríyìn di èébú. "Ìṣẹ́jú-Kan fẹ́ ṣe fíìmù? Ká má tíì jókòó tán kó ti parí."

Àṣà kan sì wà lára rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ya fídíò orin, wọn kì í gba ohùn sílẹ̀. Orin ti wà nílẹ̀; wọ́n á kàn gbé e sí i, olórin á máa yí ẹnu bí ẹni tó ń kọ ọ́ lójú kámẹ́rà. Olùdarí lè máa pariwo bó ṣe wù ú: "Yíjú sí mi. Rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gbé àgbọ̀n sókè. Ó dáa, ó dáa, máa bọ̀." Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ nílé. Ìṣẹ́jú-Kan ti sọ̀rọ̀ báyìí fún ọdún gbọọrọ, títí kò fi mọ̀ mọ́ pé òun ń sọ ọ́. Bí kámẹ́rà bá ti ń yí, ẹnu rẹ̀ náà á máa yí.

Fíìmù ò gba ìyẹn. Ìbejì ni ohùn àti àwòrán níbẹ̀. Ẹni tó bá da ọ̀kan láàmú, èkejì á bá a sunkún.

Ìtàn tó fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ìyá arúgbó kan ń gbé nínú ilé tí wọ́n fẹ́ wó nítorí títì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lọ́nà jíjìn, ó ń ní kó kúrò níbẹ̀, ìyá ò fẹ́ kúrò. Nínú gbogbo fíìmù náà a ò rí ọmọ yìí, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀; ẹnu ìyá nìkan la ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Níparí, ìyá á tilẹ̀kùn, á kúrò, ilé á wó lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n rí ilé gidi ní òpópónà kan tí katapílà ti ń wó bọ̀ láti ìkángun. Àwọn tó ń la títì gbà láti fi ilé kan sílẹ̀ dè wọ́n di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ìran ìparí náà, wọn ò sì lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri kì í wó kó tún dìde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè ya ìran náà.

Obìnrin tó ń náwó sí fíìmù náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, pe Ìṣẹ́jú-Kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò gbóhùn sókè. Ìyẹn gan-an ló ba ọkùnrin náà lẹ́rù.

"Ìran yìí ni fíìmù," ó ní. "Bí ó bá dáa, tìẹ ni títí dé òpin. Bí ó bá bàjẹ́, mo ti bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ tó máa parí ẹ̀. Má bínú sí mi o."

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"Mò ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ wá wò ó."

Bó ṣe yíjú padà báyìí, ọkùnrin tó ń gba ohùn ló dúró síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Elétí nítorí pé ẹ̀rọ kì í kúrò létí rẹ̀. Ó na pẹ́ńsù kan sí i.

"Ọ̀gá, ẹ fi eyín mú èyí bí a bá ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ fi pẹ́ńsù ṣe?"

"Ẹ tún sọ̀rọ̀ lánàá. Màmá ń sunkún, ohùn kan wá ń sọ pé, 'Ó dáa, sún mọ́ wíńdò.'"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti o. Ògiri ni."

Ayàwòrán tó wà nídìí kámẹ́rà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ìṣẹ́jú-Kan gba pẹ́ńsù náà. Ó mọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun náà ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Màmá, òṣèré àgbà tó ń ṣe ìyá inú fíìmù náà, ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣeré lórí ìtàgé, tí kò tíì sí kámẹ́rà ládùúgbò, ló ti ń ṣe iṣẹ́ òṣèré. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí ọ̀dà búlúù rẹ̀ ti ń ṣí, ó dán kọ́kọ́rọ́ wò, ó wo ojú ibi funfun lára ògiri tí wọ́n ti yọ àwòrán kúrò.

"Màmá, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà," Ìṣẹ́jú-Kan ní. "Bí ẹ bá ti kọjá òkúta yìí, màá rẹ aṣọ funfun ọwọ́ mi sílẹ̀, katapílà á sì ti ògiri. Ẹ má wẹ̀yìn."

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Ó hàn lóhùn rẹ. Lọ dúró síbi tó o máa dúró sí."

Ó lọ dúró. Ó gbé aṣọ sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi eyín mú pẹ́ńsù. Lẹ́yìn ilé, katapílà ń kùn bí ẹranko tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ìkùukùu kan ń rìn bọ̀ lójú ọ̀run, ó ku díẹ̀ kó dé ojú oòrùn. Ó mi orí sí ayàwòrán. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Màmá jáde. Ó fa ilẹ̀kùn, ó ti í. Kọ́kọ́rọ́ náà há díẹ̀, ó rọra yí i bí ẹni tó ti ń yí i láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó yọ ọ́. Ibi yìí ló yẹ kó ti máa bọ̀.

Kò bọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri, ó sì dúró.

Lójú Elétí, ìdúró yẹn níye lórí. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìṣẹ́jú-Kan ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nínú ìpolówó ọjà, ẹni tó bá dúró tó báyìí, àwọn tó ń wò ó á ti yí ìkànnì padà. Ó wo ìkùukùu. Ẹni tó ń wa katapílà fi ẹsẹ̀ tẹ iná, ẹ̀rọ náà bú, eruku jábọ́ láti ẹ̀gbẹ́ òrùlé. Màmá ò kúrò lójú kan. Àbí ó ti gbàgbé ni? Àgbà ni, àgbà lè gbàgbé. Òógùn wọ Ìṣẹ́jú-Kan lójú. Ó ń rí Àǹtí àti ẹlòmíì yẹn, ó ń rí àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Pẹ́ńsù bọ́ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé ó bọ́.

"Màmá, ẹ máa bọ̀," ó ní. "Ẹ fi ògiri yẹn sílẹ̀. Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀ jàre."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ayàwòrán yí ojú wò ó. Elétí la ojú.

Màmá ò yíjú. Ó tún fọwọ́ pa ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mò ń bọ̀," ó ní, pẹ̀lẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí. Inú mi lo wà tó o ti ń kánjú."

Ó sì yípadà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sáyà, ó ń rìn bọ̀. Ó kọjá òkúta. Aṣọ funfun wálẹ̀. Ògiri tẹ̀ bí ẹni tó ń kúnlẹ̀, ó wó, eruku bo gbogbo wọn, Màmá la eruku náà kọjá láìwẹ̀yìn, títí ó fi jáde nínú kámẹ́rà.

Elétí rọra yọ ẹ̀rọ kúrò létí.

"Ọ̀gá," ó ní, "pẹ́ńsù dà?"

Ó ti di ọ̀sán kí Ìṣẹ́jú-Kan tó lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí wọ́n ti ń to àwòrán pọ̀. Elétí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá wà lẹ́yìn wọn lórí àga, ó ti bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo lè tún un ṣe," Ìṣẹ́jú-Kan ní. Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Ó gé ibi tí ìyá ti dúró kúrò. Ó gé ohùn ara rẹ̀, ó gé èsì ìyá. Ó fi kọ́kọ́rọ́ síbí, ó fi ọwọ́ sọ́hùn-ún, òrùlé, ojú, òkúta, eruku. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀kan ń lé èkejì. Ó wá orin kan sí i. Nígbà tó gbé e sí i kó lè wò ó, ó rí i pé ó dán. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ohunkóhun bàjẹ́ níbẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó."

Màmá wò ó tán. "Ó dáa," ó ní. "Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?"

Elétí wolẹ̀.

"N ò fi ẹ́ ṣẹ̀sín o," Màmá ní. "Gbé èyí tó o gé kúrò sí i fún mi."

Ó gbé e sí i, bó ṣe wà láìgé. Ìdúró náà bẹ̀rẹ̀, ojú sì ń tì í de ohun tó ń bọ̀. Ó wá gbọ́ ara rẹ̀: "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀ jàre." Ó mọ ohùn náà. Ohùn tó fi ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni, bí ìyẹn bá fẹ́ sọ àlá tó lá fún un, tí òun sì ń bọ́ sínú mọ́tò.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dá mi lóhùn, Màmá? Ẹ lè dákẹ́."

"Ọmọ mi tí mò ń dúró dè látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀ ló pè mí," ó ní. "Kí n wá di etí?"

Ìrọ̀lẹ́ ti lé; ẹsẹ̀ Àǹtí dún lórí àtẹ̀gùn.

Méjèèjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó dán àti èyí tó gùn. Ìṣẹ́jú-Kan mọ èyí tó lè gba òun sílẹ̀. Àǹtí wọlé, ó kí Màmá, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ sí Ìṣẹ́jú-Kan pé kó gbé e sí i. Ọwọ́ Ìṣẹ́jú-Kan dúró díẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Ó tẹ èyí tó gùn.

Ilẹ̀kùn tì. Ọwọ́ wà lára ògiri, kò kúrò. Ohùn Àǹtí lórí fóònù falẹ̀, ó ní òun á tún pe onítọ̀hún. Ìdúró náà ṣì ń lọ. Gbogbo ara Ìṣẹ́jú-Kan fẹ́ ṣàlàyé: kó sọ pé àṣìṣe ni, pé òun ní òmíì, kó kàn dúró. Ó la ẹnu. Elétí fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì. Pẹ́ńsù ni. Ó fi eyín mú un, ó sì dákẹ́.

Ohùn náà jáde. Ìyá fèsì. Ògiri wó.

Àǹtí gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. "Ta ni ìyẹn tó pè é?"

Ìṣẹ́jú-Kan yọ pẹ́ńsù. "Ọmọ rẹ̀ ni."

"Èyí tá ò rí?"

"Òun ni, Àǹtí."

"Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá," Àǹtí ní. "Bí ẹni tó fẹ́ lọ sáré wọ bọ́ọ̀sì." Ó nu igun ojú rẹ̀ bí ẹni pé eruku ògiri yẹn ló dé ibẹ̀. "Ṣé a ó tún máa gbọ́ ọ níbi tó kù?"

"Bí ẹ ò bá gbé fíìmù fún ẹlòmíì."

"Ta ló ní mo fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì?"

"Ẹ̀yin ni. Láàárọ̀ yìí."

"Àárọ̀ ti lọ," Àǹtí ní. Ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó jókòó. "Tún un gbé sí i."

Ìṣẹ́jú-Kan dá pẹ́ńsù padà sẹ́nu, ó sì tún un gbé sí i.