Ìtẹ̀ka Abẹ́ Wúrà

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Hikosaka, ó sì ti fi àádọ́ta nínú rẹ̀ lẹ wúrà mọ́ nǹkan. Nígbà ayé baba rẹ̀, ara pákó ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn àpótí pẹpẹ ńlá tí ìdílé fi ń rántí àwọn òkú wọn. Àwọn èèyàn òde òní ò láyè irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú ilé mọ́, ni Hikosaka bá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Minase, obìnrin ayàwòrán kan ní Kanazawa. Ẹ̀rọ á tẹ àwòrán Minase sára páànù alumíníọ̀mù, Hikosaka á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ojú ọ̀run àti etí omi inú rẹ̀. Ogójì péré ni wọ́n máa ń ṣe nínú àwòrán kan. Minase á kọ nọ́ńbà sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pa ìpilẹ̀ àwòrán náà rẹ́ nínú ẹ̀rọ, kò tún sí òmíràn mọ́ nìyẹn.

Yasue ló ń nu páànù mọ́ kó tó dé ọwọ́ Hikosaka. Opó ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì ti bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́ láti ayé pákó, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko. Òun náà ló ń po tíì rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, ẹni tó ra nọ́ńbà keje dá a padà láti Osaka. Ó ní àbàwọ́n dúdú kan ń yọ lábẹ́ wúrà. Minase gbé e sórí tábìlì láàárọ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ méjèèje máa ń tò sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ojú Hikosaka ti ń ṣe bàìbàì láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kó wọ gíláàsì lójú àwọn tó kéré sí i. Ohun tó rí ò ju àmì roboto kan lọ, ó sì mọ̀ pé ìtẹ̀ka ni. Òróró ara èèyàn kì í hàn lára páànù lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ó di oṣù mélòó kan. Àyà rẹ̀ ò já rárá. Ta ló tún ń fọwọ́ kan páànù, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń nù ún?

"Yasue," ó sọ ọ́ létí gbogbo wọn, "òróró tí o fi ń pa irun nìyẹn. Ọwọ́ ìdọ̀tí ò yẹ nídìí wúrà."

Yasue wo páànù náà, ó wò ó pẹ́. Ó gbójú sókè wo Hikosaka. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì, ó ní kí wọ́n má bínú. Ọjọ́ kejì kò wá mọ́, wọ́n sì gbọ́ pé ó ń to akàn lọ́jà Omicho.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, Hikosaka sọ fún ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì fúnra rẹ̀, tíì ọ̀hún ò sì dùn lẹ́ẹ̀kan rí. Ó tún ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ń bá a jẹun ọ̀sán mọ́. Ọ̀wọ̀ àgbà ló pè é.

Ní oṣù kìíní, nígbà tí yìnyín bo gbogbo òrùlé, nọ́ńbà kejìlá dé láti Nagoya. Àkókò oúnjẹ ni, òun nìkan ló wà nílé iṣẹ́. Ó yọ gíláàsì rẹ̀ lápò, ó wọ̀ ọ́, ó wo inú wúrà náà.

Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò ni, ó mọ́ kedere. Ìlà kan dábùú rẹ̀ láti igun dé igun. Hikosaka mọ ìlà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ọ̀bẹ oparun baba rẹ̀ là á lọ́wọ́, àpá rẹ̀ ò sì lọ láti ìgbà náà. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, ó tún yára gbé e kúrò.

Ìgbà yẹn ló tó rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wúrà tó lẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi oje igi pa ojú ibi tó máa jókòó sí, wọ́n á dúró kó gbẹ díẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Baba rẹ̀ máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Lára pákó, kò sí wàhálà, pákó á mu òróró náà, wúrà á sì bò ó. Lára páànù, ó ń dúró deni. Minase ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́, Hikosaka gan-an ló sì máa ń fi òfin náà bú àwọn yòókù. Àádọ́ta ọdún àṣà ló ń bọ́ ọ fún un.

Èrò kan yọ sí i: kò tíì sẹ́ni tó rí èyí, Yasue sì ti lọ ná, kí wọ́n ṣáà kà á mọ́ ọn. Ojú ara rẹ̀ tì í pé ó lè ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó gbé páànù pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gba ọjà Omicho lọ.

Yasue wọ bàtà rọ́bà, ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n fún òtútù.

"Ọ̀gá, ẹ ò sì fi nǹkan borí nínú yìnyín yìí."

"Yasue, àtàǹpàkò mi ni."

"Mo mọ̀." Ó da akàn kan dojú délẹ̀. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni mo ti mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń gbé ife tíì lé yín lọ́wọ́, ṣé àtàǹpàkò yín ni mi ò ní mọ̀?"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ríran ni. Mo ní tó bá yá, ẹ ó wọ gíláàsì yín, ẹ ó wá. Mo retí yín títí oṣù kọkànlá fi parí. Ìgbà yẹn ni mo tó ra bàtà rọ́bà."

Hikosaka tẹrí ba láàárín àwọn tó ń ná akàn. Yasue ò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ nàró, Ọ̀gá, àwọn èèyàn fẹ́ kọjá. Ọjà Omicho kọ́ lẹ ti bú mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n tò, Hikosaka gbé nọ́ńbà kejìlá sórí tábìlì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà. Ó ní òun ni, nọ́ńbà keje náà, òun ni. Ó ní Yasue ò ṣẹ̀, ọwọ́ ìdọ̀tí tí òun wí, ọwọ́ òun ni. Gbogbo òru ló fi ń múra sílẹ̀ de bí ẹnu ṣe máa yà wọ́n.

Ẹnu ò ya ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Bàbá," Minase wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "láti oṣù kẹwàá la ti mọ̀. Àpá yẹn hàn kedere lára nọ́ńbà keje. A rò pé ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé sí Hikosaka lára. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń tẹrí ba kí i láràárọ̀, tí wọ́n gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sórí opó ni. Nínú gbogbo wọn, obìnrin tó pè ní ọlọ́wọ́ ìdọ̀tí nìkan ló ro rere sí i. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé e mì.

Minase lọ gbé nọ́ńbà keje wá, ó sì fi ìṣó lé e lọ́wọ́ kó fi ha ojú páànù méjèèjì, kí wọ́n má bàa tún wọ ọjà mọ́. Hikosaka wọ gíláàsì rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.