Àǹtí Ẹlẹ́nu Gíláàsì

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé, tí wọ́n ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn olùkọ́ yòókù kó ìwé wọn sínú báàgì, wọ́n gba ilé wọn lọ. Obìnrin kan ṣoṣo ló ṣì jókòó sórí àga kékeré nínú kíláàsì rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tó ń wo àwọn bàtà wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà. Òun ni olùkọ́ kíláàsì àkànṣe ní ẹ̀ka jẹ́lé-ó-sinmi. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó tíì pé ọdún mẹ́fà. Etí àwọn kan kò gbọ́rọ̀, àwọn kan kì í sọ̀rọ̀ rárá, ọ̀kan ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí ẹ bá sún àga rẹ̀ kúrò níbi tó wà lánàá, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ gbogbo yín lọ́wọ́.

"Jẹ́lé-ó-sinmi," ló sọ fún ara rẹ̀. "Ilé wo ló fẹ́ sinmi báyìí?"

Ó gbìyànjú fóònù bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ó wọ aṣọ pupa tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, ó gbé fóònù ti ògiri, ó ń jó, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan wo ojú rẹ̀ nínú fóònù títí, ó yí fóònù náà padà, ó wá a lọ sẹ́yìn, kò rí i, ló bá bú sẹ́kún. Ìyá ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má pè mọ́. Ọmọ mìíràn ń lá ojú fóònù bí ẹni ń lá súìtì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olùkọ́ yìí mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́. Ó kàn ń ya fídíò ara rẹ̀ ni.

Ló bá fẹsẹ̀ rìn. Ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má wọ ilé ẹlòmíràn. Kò sì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ojú fèrèsé ló ń lọ. Wọ́n ní kí kálukú fi ìbomú bo imú àti ẹnu. Ó bò ó, àmọ́ ó kọ́kọ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé àárín ìbomú náà jáde, ó sì rán ọ̀rá tó mọ́ gaara sójú rẹ̀, kí ètè rẹ̀ lè hàn, torí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀, ẹnu ẹni ló ń wò. Àwọn aládùúgbò rí obìnrin tí eyín rẹ̀ ń dán lẹ́yìn ọ̀rá, tó ń jó lójú fèrèsé onífèrèsé lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹlẹ́nu Gíláàsì. Ó jẹ́ orúkọ náà láìjanpata.

Ilé tó le jù fún un ni ilé bàbá àgbà kan, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó máa ń pè ní Ìyàwó Mi, wà nínú kíláàsì náà. Adití ni ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá, ibẹ̀ ló sì ń sùn láti ìgbà tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀, kó má baà gbé e wálé fún bàbá rẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò dáa. Bí bàbá àti ọmọ ṣe ku àwọn méjì sílé nìyẹn. Ọ̀kan kò gbọ́rọ̀, ìkejì kò mọ èdè ọwọ́.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ni Àǹtí wí látìta.

"Má sún mọ́bí o, tíṣà. Irú mi ni àrùn yìí ń wá kiri."

"Mi ò ní wọlé, sà. Fèrèsé ni mo fẹ́. Ẹ tì í pa, gíláàsì náà ti tó fún wa."

"Ta ló ń fi fèrèsé kọ́ ọmọ níwèé?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó ná."

Bàbá kùn díẹ̀, ó fa kọ́tìnì. Ọmọ náà wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, irun rẹ̀ ta jàgàjàgà, àmì eyín wà ní apá rẹ̀ méjèèjì, eyín tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ti ń fi ṣíbí jẹun fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ti padà sí fífi ọwọ́ ju oúnjẹ kiri.

"Bó ṣe ń ṣe rè é," ni bàbá wí. Ó sún mọ́ gíláàsì kí ohùn rẹ̀ lè jáde. "Á la ọwọ́, á fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n báyìí, á tún wá ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Tó bá ṣe é títí tí mi ò dáhùn, á bu ara rẹ̀ jẹ. Mo fún un lómi, ó dà á nù. Mo fún un lóúnjẹ. Mo tiẹ̀ rò pé irùngbọ̀n mi ló ń bá wí, mo fá a. Kò gbà."

Àǹtí kò lè rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìyá rẹ̀ ló ń bèèrè. Ohun tó ń sọ ni pé, 'Ìyá mi dà?'"

Bàbá wá àga, ó jókòó. "Láti ọjọ́ yìí wá?"

"Láti ọjọ́ yìí wá, sà."

Àǹtí kan gíláàsì kí ó lè mì, ọmọ náà sì gbójú sókè. Ó rí ẹnu, ó rí ọwọ́ tó mọ̀. Ó sáré wá, ó lẹ iwájú orí rẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ìyá mi dà? Àǹtí fọwọ́ dá a lóhùn pé ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, pé àwọn aláìsàn pọ̀, pé ìyá kò lọ, pé ìyá ń bọ̀. Ọmọ náà tún bèèrè. Ó tún dáhùn. Ó tó ìgbà tí oòrùn fi yí kúrò lẹ́yìn rẹ̀ tí ìbéèrè kan náà ń lọ tí ìdáhùn kan náà ń bọ̀, kò sì sú u. Nínú yàrá, bàbá àgbà rọra gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n tó fá.

Nígbà tí Àǹtí padà wá, bàbá ti gbé àga méjì sójú fèrèsé. "Kọ́ mi ní ti 'má ṣe bẹ́ẹ̀'," ló wí. "Òun ni mo nílò jù."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ìjọba fi ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pe àwọn olùkọ́ sípàdé, kálukú jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀. Ó ka ètò fún wọn láti kíláàsì dé kíláàsì, nígbà tó sì kan ti Àǹtí, ó wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun rẹ̀.

"Kíláàsì àkànṣe ṣì máa dúró díẹ̀. Inú yàrá yẹn la máa kó báákẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ àti àwọn tábìlì tó ṣẹ́kù sí."

"Títí dìgbà wo, sà?"

"Títí nǹkan á fi rọlẹ̀. Àwọn ọmọ yín kì í jẹ́ kí ìbomú pẹ́ lójú wọn. Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n kẹ́ ẹ tó lè kọ́ wọn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa mú."

"Tí nǹkan kò bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó lè kàwé fúnra rẹ̀ nílé ni ẹ ní kó wọlé. Ọmọ tí kò lè ṣe ohunkóhun láìsí wa ni ẹ ní kó dúró síta. Kò yé mi, sà."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó ní òun gbọ́. Kò ní òun gbà.

Nígbà tí ìpàdé tú, ó rin ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yí ká. Ó wo abẹ́ igi, àwọn èèrà ti gbà á. Ó wo pápá, oòrùn á pa wọ́n níbẹ̀. Ó wá dé ibi tí ọ̀gá ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Páànù bo orí rẹ̀, kò ní ògiri, afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀tún wọlé, ó ń gba òsì jáde, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kọnkéré tó tẹ́jú fún kẹ̀kẹ́. Àǹtí dúró ságbede méjì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ fún àwọn òbí pé: "Ẹ gbé àga wá láti ilé. Ẹ tètè dé o, kẹ́ ẹ dé ṣáájú mọ́tò." Bàbá àgbà ní òun kò ní gbé àga wá, òun máa kan án. Ó sì kan án, àga kúkúrú tó ní tábìlì níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ ìwọlé, kí agogo tó lù, àwọn ọmọ ti jókòó. Àǹtí ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé róbótó yí àga kálukú ká. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Àwọn òbí to ara wọn síta ọgbà, wọ́n ń wò. Ọ̀gá wa mọ́tò rẹ̀ dé bó ti ń ṣe látẹ̀yìnwá, ó yà wọlé, ó sì tẹ bíréèkì.

Ó fun fèrè. Ìdajì kíláàsì kò gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ ọ rò pé orin ti bẹ̀rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀. "Àǹtí, kí lèyí?"

"Kíláàsì àkànṣe ni, sà. Ẹ káàárọ̀."

"Ẹ kó wọn kúrò níbí."

"Báákẹ́ẹ̀tì ló wà nínú yàrá wọn, sà. Mi ò mọ ibòmíràn."

"Ẹ mọ̀ pé mo lè ní kí wọ́n gbé yín kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí."

"Mo mọ̀. Tí wọ́n bá bi yín ní ohun tí mo ṣe, ẹ sọ fún wọn pé àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí n máa kọ́ ni mo ń kọ́."

 Ọ̀gá wo àwọn òbí tó wà níta, ó wo bàbá arúgbó tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó ń wò ó láìṣẹ́jú, ó sì lọ gbé mọ́tò rẹ̀ sínú oòrùn. Láti ọjọ́ náà, tó bá fẹ́ lọ sílé, á kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn mọ́tò, á dúró síta kí ó tutù.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n rán ìyáàfin kan wá, obìnrin gíga, tí ìbomú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ tán. Ọ̀gá mú un wá síbẹ̀.

"Ta ló fún yín láṣẹ?" ni ìyáàfin bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó fún mi láṣẹ, mà."

Bàbá àgbà dìde. "Àwa àgbà ni àrùn yìí ń pa. Mo sì jókòó síbí lójoojúmọ́, nínú afẹ́fẹ́. Tí èmi ò bá sá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ló ń lé ọ̀gá?"

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Mò ń bínú o. Ẹ jẹ́ n bínú mi."

Ìyáàfin yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Ìyàwó Mi. "Báwo ni? Kí lorúkọ ẹ?" Ọmọ náà wo aṣọ tó wà lójú rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyáàfin gbé ohùn sókè. Kò yí padà. Àǹtí tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó mú ìbomú ọlọ́ràá tuntun kan jáde. "Ẹ fi èyí sí i, mà, kẹ́ ẹ tún bi í."

Ìyáàfin gba ìbomú náà. Ó rìn lọ sẹ́yìn òpó, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó padà wá, ó tún bèèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà tẹjú mọ́ ètè rẹ̀ dáadáa, ó sì fọwọ́ dá a lóhùn kíákíá.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín."

Ìyáàfin bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì rí eyín rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó sọ fún ọ̀gá pé àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ páànù yìí jìnnà síra wọn ju àwọn tí òun rí nínú yàrá lọ, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Kò ní kó dá yàrá wọn padà. Ó wọ ìbomú ọlọ́ràá náà lọ.

Ọ̀gá kò kí Àǹtí mọ́ títí sáà náà fi parí. Ìgbéga tó yẹ kó kàn án lọ́dún yẹn fò ó dá. Nígbà tó gbọ́, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́, ó sunkún, ó bọ́jú, ó jáde lọ kọ́ àwọn ọmọ ní àwọ̀ ewé. Ọmọkùnrin tó wá a lẹ́yìn fóònù kò padà wá. Àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì dun Àǹtí ju ọ̀rọ̀ ìgbéga lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Ìyàwó Mi dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní àrùn lára. Ó na apá méjèèjì. Ọmọ náà kò wá. Ó dúró nínú ilé róbótó rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ, ojú rẹ̀ le koko. Nọ́ọ̀sì wo Àǹtí.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ń bá yín jà," ni Àǹtí wí. "Ẹ dúró kó jà á tán."

Ó dúró. Nígbà tí ọmọ náà jà á tán, ó rìn lọ sí àyà ìyá rẹ̀, bàbá àgbà sì kọjú sí òpó bí ẹni ń yẹ igi wò.

Nígbà tí òjò dé, ó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé. Àǹtí kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó ti kẹ̀kẹ́, ó ní kí àwọn ọmọ di okùn mú, ó kó gbogbo wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó to àga wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ìpẹ̀kun. Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, kò sì rí ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé.

"Ta lẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Òjò ń rọ̀, sà."

 Ọmọ kan na búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sí ọ̀gá pé kó bá òun dì í mú, kò sì mọ bó ṣe máa kọ̀, ló bá gbà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó báákẹ́ẹ̀tì àti tábìlì kúrò nínú yàrá kíláàsì àkànṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún Àǹtí pé kó wọlé, kò sì dúró de kí wọ́n sọ. Ó gbá ilẹ̀, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ó fi àgádágodo tirẹ̀ sí ilẹ̀kùn, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn.